Àmì Kẹrin Láàárín Erékùṣù Méjì

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi wọn ọ̀nà tó wà láàárín erékùṣù méjì tí ẹsẹ̀ mi kò kàn rí. Bí ẹnikẹ́ni bá jí mi lójú oorun, tó ní kí n sọ iye wákàtí tí ọkọ̀ òfuurufú fi ń lọ láti ọ̀kan dé èkejì, màá sọ ọ́ kí n tó la ojú: wákàtí méje bí atẹ́gùn bá gbà fún wa, méje ààbọ̀ bí atẹ́gùn bá ń bínú. Ṣùgbọ́n bí ó bá bi mí bí iyanrìn wọn ṣe rí, tàbí bí òórùn òjò wọn ṣe ń ta síni nímú, n kò mọ̀. Iṣẹ́ mi nìyẹn. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Àwọn ọmọ kíláàsì ìkẹyìn ní lisé kan, ilé-ẹ̀kọ́ girama tó wà nítòsí ilé mi, níhìn-ín ní Savè tí àwa ọmọ ibẹ̀ ń pè ní Ṣábẹ̀ẹ́, ni wọ́n wá bá mi lábẹ́ igi kajú mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní àwọn ń ro irú iṣẹ́ tí àwọn yóò fi ayé àwọn ṣe, àwọn sì ti gbọ́ pé ìdí avíọ̀n, ìyẹn ọkọ̀ òfuurufú, ni mo ti ṣiṣẹ́ tí mo fi fẹ̀yìn tì. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé, "Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ máa ń wà á ni?" Mo ní rárá. "Ṣé ẹ máa ń tún un ṣe ni?" Mo ní rárá. Ojú wọn rẹ̀wẹ̀sì, wọ́n ń wo ẹnu ọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Màá kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn, títí kan èyí tí mo fi pamọ́: àṣìṣe kan tí mo ṣe lórí ìwé ewé kan ṣoṣo, tí ọ̀gá mi gbà sí ọrùn ara rẹ̀, tí mo sì fi ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n wá ẹnu tí n ó fi sọ fún un pé, "Ọ̀gá, èmi ni."

Ìyá mi ló kọ́kọ́ kọ́ mi ní ìṣirò. Iṣu tó ń gbìn ní Bessé ló ń rù lọ sí ọjà ọrọọrún kan lọ́nà Sakin. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ọjà kan kò bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ rí. Bó bá ti sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀ lálẹ́ ọjà, á na ìka ọwọ́ rẹ̀ sí mi, a ó jọ máa kà á: òní, ọ̀kan, ọ̀la, èjì, ọ̀tunla, ẹ̀ta, títí a ó fi kan àtàǹpàkò, ọjà ti tún pé nìyẹn. Bí gbogbo wa ṣe ń kà á nílẹ̀ wa nìyẹn. Ọmọ tí a bí lónìí, òní ni ọjọ́ rẹ̀ kìíní. Kò sí ẹni tó ń fi òní ṣòfò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ rán ènìyàn mẹ́rìnlá sínú òkun.

Ẹnu ìyá mi náà ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ pé ọ̀nà kì í ṣe gígùn nìkan. Bí o bá bi í bí ọjà náà ṣe jìnnà tó, kò ní sọ kìlómítà kankan fún ọ. Á ní, "Bí o bá gbéra nígbà tí àkùkọ kọ, oòrùn á bá ọ níbẹ̀ kó tó gbóná. Ṣùgbọ́n bí o bá ń bọ̀, fi díẹ̀ kún un, torí pé òkè á dojú kọ ọ́." Nígbà tí mo dàgbà tí mo rí àwọn ìwé ńlá tí àwọn òyìnbó kọ nípa ìrìn ọkọ̀ òfuurufú, ohun tí ìyá mi sọ náà ló wà níbẹ̀, wọ́n kàn kọ atẹ́gùn síbi tó ti pe òkè.

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ kò gba ọ̀rọ̀. Mo gba ìwé ẹ̀rí, mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Kútọnu, ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ní ọkọ̀ òfuurufú méjì ń wá ẹni tó mọ ìṣirò, wọ́n mú mi. Owó oṣù náà ń gbé ọbẹ̀ ka iná, ó tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí à ń ṣe ní bíró wa, ìyẹn ọ́fíìsì, ni pé kí ọkọ̀ kan tó gbéra, a ó ti rin ọ̀nà rẹ̀ lórí tábìlì. A ó wọ̀n ọ́n, a ó wo atẹ́gùn, a ó ṣírò wákàtí, a ó sọ iye epo tí yóò gbé, a ó kọ gbogbo rẹ̀ sórí ìwé ewé kan, a ó fún komandà tó ń wa ọkọ̀. Ọ̀nà tó le jù nínú gbogbo ọ̀nà wa ni ti erékùṣù méjì. A kì í pè wọ́n ní orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ lójú ìwé. Èyí tó sún mọ́ wa, tí òjò kì í dá lórí rẹ̀, Eléwé ni à ń pè é. Èyí tó wà lọ́hùn-ún lọ́hùn-ún, ní ìwọ̀ oòrùn, tó gbẹ táútáú láàárín omi, a ń pè é ní Oníyanrìn. Ọkọ̀ yóò sùn ní Eléwé, yóò gbéra ní òwúrọ̀, omi gbalasa ni yóò sì máa wò títí fi di ọ̀sán.

Ọ̀gá mi ni Ọ̀gá Bàsílì, ọmọ Àjàṣẹ́ nítòsí Kútọnu. Ó ga, ó gbẹ, ṣòkòtò rẹ̀ kì í ní ju ìlà kan lọ lẹ́sẹ̀, bí ó ṣe lọ̀ ọ́ láàárọ̀ ni yóò ṣe rí nírọ̀lẹ́. Kò gbà kí ohun ìpàwérẹ́ kankan wọ inú bíró. Bí o bá ṣi òǹkà kan kọ, o ó da ìwé náà nù, o ó sì bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Lọ́jọ́ kan mo fi itọ́ sí ìka, mo fi pa àṣìṣe kan rẹ́ wẹ́rẹ́. Ó gbé ìwé náà sókè sí oòrùn, ó wò ó, ó wò mí, ó ní, "Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́, òkun kò mọ itọ́." Ìgbà mẹ́fà ni mo tún ìwé yẹn kọ. Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Ìdí tèmi gbóná fún ọdún méjì gbáko.

Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ìwé. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló fún mi, pẹ̀lú ayé róbótó kan tí wọ́n kùn ní àwọ̀ omi àti ilẹ̀, tó dúró lórí tábìlì rẹ̀. Ó ní kí n máa na okùn láti Eléwé dé Oníyanrìn. Mo ní ṣebí mo lè fa ìlà gbọọrọ lórí ìwé, kí n sì wọ̀n ọ́n. Ọjọ́ kejì ó gbé igbá kan wá láti ilé, ó dojú rẹ̀ bolẹ̀, ó ní, "Èèrà wà létí ibí, ìrẹsì bọ́ sí etí ọ̀hún. Ọ̀nà wo ni yóò gbà?" Mo na okùn, okùn náà sì fò kúrò níbi tí mo rò pé yóò gbà, ó lọ gba ẹ̀gbẹ́ kan tí n kò lérò. Ọ̀nà tó yá lórí ohun róbótó máa ń dà bí ọ̀nà tó wọ́ lójú ẹni tó ń wo ìwé. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn débi pé mo gbàgbé láti jẹun.

Lẹ́yìn náà ló wá sọ òfin erékùṣù fún mi. Ó ní, "Bí o bá ń lọ sí Kútọnu tí Kútọnu kò ṣeé sọ̀ sí, o lè lọ sọ̀ sí Lómè. Bí o bá ń lọ sí Oníyanrìn ńkọ́?"

Mo wo ayé róbótó náà. Mo ní, "Ọ̀gá, n kò rí nǹkan kan nítòsí rẹ̀."

"Ìwọ náà rí i? Erékùṣù kò ní aládùúgbò. Nítorí náà, wákàtí méje ni ọ̀nà, ṣùgbọ́n epo wákàtí mẹ́sàn-án la ó gbé. Méjì yẹn ni aládùúgbò rẹ̀." Ó wá mú pẹ́ńsùlù, ó pín ọ̀nà náà sí méje, ó fi àmì sí òpin wákàtí kọ̀ọ̀kan, ó sì fi àwọ̀ pupa yí ẹ̀kẹrin ká. "Epo wákàtí mẹ́sàn-án. Bí o bá lọ mẹ́rin, o lè padà mẹ́rin, ìyókù á kù sí ìdí ìkòkò. Bí o bá lọ márùn-ún, o kò lè padà mọ́. Àmì kẹrin yìí ni àmì àìlèpadà. Ibẹ̀ ni komandà gbọ́dọ̀ ti béèrè pé, 'Ṣé Oníyanrìn yóò gbà mí?' Bí wọn kò bá dá a lóhùn dáadáa, kí ó yí padà lójú ẹsẹ̀."

Ibi kíkà yìí ni èmi àti ọ̀gá ti ń jà. Ìyá mi ló wà láàárín wa. Bí mo bá gbé ìka lé Eléwé, ẹnu mi á ti sọ pé "ọ̀kan" kí n tó mọ̀. Ọ̀gá Bàsílì á fi ọ̀pá ìdíwọ̀n kan mí lẹ́yìn ọwọ́. "Òdo! Eléwé ni òdo. Ṣé o ti rìn kí o tó gbéra ni?" Mo ní, "Ọ̀gá, ṣebí mo ti wà níbẹ̀." Ó ní, "Wíwà kọ́ là ń kà, rírìn ni." Ó ní kí n máa fi róńdò kékeré, àmì róbótó bí òdo, sórí Eléwé ní gbogbo ìgbà, kí n lè rántí pé òfìfo ni. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ìyá mi, ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní, "Àkàndé, ṣé o sọ fún ọ̀gá rẹ pé ẹni tó ń fi òní sílẹ̀, ọjà ló ń fi sílẹ̀?"

Bí ọdún ti ń gorí ọdún, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lá àlá ọ̀nà yẹn. N kì í rí erékùṣù náà lójú àlá. Omi ni mo máa ń rí, pẹ̀lú àwọn àmì wa tó léfòó lórí rẹ̀, wọ́n ń mì wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, èmi á sì máa rìn láti ọ̀kan dé èkejì láìwọ bàtà. Mo sọ ọ́ fún ọ̀gá. Mo rò pé yóò bú mi. Ó bi mí pé, "Èwo ni àwọ̀ pupa wà lára rẹ̀?" Mo ní ẹ̀kẹrin. Ó mi orí, ó ní, "Ó dára. Máa sùn." Ọjọ́ náà ló tó sọ fún mi pé òun náà kò tíì wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀ rí, fún gbogbo ọdún tó ti fi ń wọn ọ̀nà ọ̀hún. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n àwa méjèèjì ti rìn jìnnà lórí tábìlì.

Ọdún kẹsàn-án mi lẹ́nu iṣẹ́ ni ó ku oṣù kan kí ọ̀gá fẹ̀yìn tì. Ilé-iṣẹ́ fi ìjókòó kan ta á lọ́rẹ: kí ó wọ ọkọ̀, kí ó lọ fi ojú ara rẹ̀ rí Oníyanrìn. Ẹ ò rí i bí inú rẹ̀ ṣe dùn. Ó ra fìlà. Ọkùnrin tí kì í rẹ́rìn-ín lójú iṣẹ́ ń súfèé nínú bíró. Èmi ni mo kọ ìwé ìrìn-àjò náà ní òwúrọ̀ tí wọ́n fi Kútọnu sílẹ̀. Ìyàwó mi ti bí àkọ́bí wa, ọmọ náà ti pé ọjọ́ mẹ́ta, orí mi sì ti kún fún ìkómọ: òní ni ẹ̀kẹta, ọ̀la ni ẹ̀kẹrin, àwo mélòó la ó yá, ta ni yóò pe àwọn ará Ṣábẹ̀ẹ́. Ìka mi kàn ń kà lọ bí ìyá mi ṣe ń kà. Mo gbé ìka lé Eléwé, mo pè é ní ọ̀kan. Nígbà tí mo dé ibi àmì pupa, mo ti kọ ọ́ sórí ìwé pé àmì karùn-ún ni àmì àìlèpadà. N kò fi róńdò sí Eléwé. Mo gbé ìwé náà fún ọ̀gá. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, kò tún un ṣírò. Ó wo ojú mi, ó fọwọ́ sí i, ó gbé fìlà rẹ̀ sórí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú òfuurufú, ẹnu komandà ni mo ti gbọ́ ọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, àjèjì ni sí ọ̀nà náà, agogo epo ọkọ̀ ọ̀hún sì ti ń parọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, nítorí náà ìwé ló gbẹ́kẹ̀ lé. Ènìyàn mẹ́rìnlá ló wà nínú ọkọ̀, òun náà mọ́ wọn. Ìgbà ọyẹ́ ni. Ọyẹ́ yìí kan náà tó ń bo òkè Ṣábẹ̀ẹ́ mọ́ wa lójú, tí a kì í fi rí orí àpáta láti ẹnu ọ̀nà, ó máa ń kọjá wa, á gba orí òkun lọ. Nígbà tí wọ́n ku díẹ̀ kí wọ́n dé àmì kẹrin, redíò sọ pé eruku ti bo Oníyanrìn, pé ẹni tó dúró lójú pápá ọkọ̀ kò rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Komandà wo ìwé mi. Ìwé ní àmì karùn-ún. Ó ní, "A ṣì ní wákàtí kan. Ẹ jẹ́ ká máa lọ, bóyá yóò ká."

Ọ̀gá Bàsílì ti wá dúró sẹ́yìn rẹ̀ láti wo òkun. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rí ìwé yẹn." Ó wò ó. Komandà ní kò mú pẹ́ńsùlù, kò ṣírò nǹkan kan, kò ju bí a ṣe ń mí lẹ́ẹ̀mejì lọ. Ó ní, "Ẹ yí padà báyìí. Àmì karùn-ún tí ẹ rí yìí, ẹ̀kẹrin ni." Komandà fẹ́ jiyàn. Ọ̀gá fi ọwọ́ lé e léjìká, ó ní, "Ọmọ mi, mo bẹ̀ ọ́. Yí i." Wọ́n yí padà. Wọ́n sọ̀ sí Eléwé pẹ̀lú epo bíi wákàtí kan péré. Ọyẹ́ náà kò sì ká ní Oníyanrìn fún odindi ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ó yé yín? Bí wọ́n bá ti dé àmì karùn-ún tèmi, kò síbi tí wọn ì bá ti sọ̀ láyé yìí. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà ọ̀hún ló wà nínú ọkọ̀.

Nígbà tí wọ́n padà dé, olórí ilé-iṣẹ́ pè wá jọ. Ó gbé ìwé náà sókè, ó bi wá pé ta ló kọ ọ́. Mo ní ìyàwó, mo ní ọmọ jòjòló, mo ti rí ara mi lójú títì. Kí n tó gbé ètè, Ọ̀gá Bàsílì ti dìde. Ó ní, "Ọwọ́ mi ló wà nísàlẹ̀ ìwé." Kò purọ́, ọwọ́ rẹ̀ ló wà níbẹ̀ lóòótọ́. Kò wo ọ̀dọ̀ mi. Ayẹyẹ ìfẹ̀yìntì tí wọ́n fẹ́ ṣe fún un, wọ́n fagi lé e. Ó kó pẹ́ńsùlù rẹ̀ sínú àpò, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní, "Máa wo òdo rẹ." Ó lọ sí Àjàṣẹ́ pẹ̀lú fìlà tuntun tí kò fi dé Oníyanrìn. Ojú tì mí lọ́jọ́ yẹn, ó ṣì ń tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí.

Wọ́n fi mí sí ipò rẹ̀. Irinṣẹ́ ń yí padà lójú mi: okùn lọ, róńdò onípáálí tí à ń yí láti fi ṣírò epo dé, òun náà lọ, ẹ̀rọ tó ń tẹ ìròyìn atẹ́gùn jáde dé pẹ̀lú ariwo rẹ̀, kọ̀ǹpútà wá dé, ó kọ́kọ́ tóbi bí àpótí aṣọ, ó wá kéré títí ó fi wọ àpamọ́wọ́. Èmi kò fi róńdò orí Eléwé sílẹ̀ láé. Àwọn ọ̀dọ́ bíró máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní, "Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀, bàbá olódo." Mo máa ń rẹ́rìn-ín. Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún?

Mo máa ń pe ọ̀gá lórí fóònù nígbà Kérésì àti nígbà tí ọdún bá yí. A ó sọ̀rọ̀ òjò, a ó sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, a ó sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wọ ọkọ̀ lọ sí Àjàṣẹ́ láti lọ jẹ́wọ́. Lẹ́ẹ̀kìíní mo dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ilé, mo yí padà. Lẹ́ẹ̀kejì mo wọlé, mo jẹun, mo dúpẹ́, mo jáde. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi bí egungun ẹja. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a, ṣùgbọ́n wọn kò sọ fún wa bí ogún ọdún náà ṣe ń rí nínú ẹni tó gbé e.

Mo fẹ̀yìn tì, mo padà sí Ṣábẹ̀ẹ́. Ọkọ̀ ojú irin tó gbé mi lọ kò fọn mọ́, ewéko ti bo irin rẹ̀. Mo gbin kajú. Ní ìrọ̀lẹ́, mo máa ń gun àpáta tó wà lẹ́yìn ilé, tó ṣì máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ láti inú oòrùn ọ̀sán, màá sì máa wo àwọn avíọ̀n tó ń fa ìlà funfun lọ sókè téńté. Màá fọkàn pín ìlà náà sí méje. Ìyàwó mi ní mo ti ń di wèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, àti pé irú wèrè báyìí kò pa ẹnikẹ́ni lára.

Ní ọyẹ́ tó kọjá yìí, ọjọ́ Ajé kan, ọmọbìnrin Ọ̀gá Bàsílì pè mí. Ó ní, "Bàbá kò lè dìde mọ́. Wọ́n ní kí ẹ wá ní ọjọ́ karùn-ún." Fóònù náà já. Mo jókòó, mo na ìka ọwọ́ mi. Ọjọ́ karùn-ún láti ìgbà wo? Bí ọ̀gá ṣe kọ́ mi, Ajé ni òdo, nítorí náà ọjọ́ Àbámẹ́ta ló ń wí. Bí ìyá mi ṣe kọ́ mi, Ajé ni ọ̀kan, ọjọ́ Ẹtì ni. Ọ̀gá kò ka nǹkan kan láti orí ọ̀kan rí láyé rẹ̀. Mo mọ̀ pé Àbámẹ́ta ló tọ́. Síbẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì mọ́, mo rí ara mi ní ibùdókọ̀ pẹ̀lú iṣu mẹ́ta nínú àpò. N kò mọ ohun tó gbé mi. Bóyá ìyá mi ni.

Ọmọbìnrin rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn, ó ké, "Ẹ kú ìrìn o! Àwa ò tíì retí yín. Àbámẹ́ta la kà á sí, bí Bàbá ṣe kọ́ gbogbo wa. Àfi Bàbá tó ń sọ láti àárọ̀ pé, 'Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ni, òní ló máa dé.'"

Ọ̀gá wà lórí ibùsùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ti kéré bí ọmọdé, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mọ́ kedere. Mo dọ̀bálẹ̀. N kò tíì dìde tí ọ̀rọ̀ náà fi jábọ́ lẹ́nu mi: "Ọ̀gá, èmi ni. Ìwé yẹn. Èmi ni mo kà á láti orí ọ̀kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí." Mo sunkún. Àgbàlagbà bí èmi, mo sunkún lórí ẹní.

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ikọ́. Ó ní, "Mo mọ̀. Báwo lo ṣe rò pé mo ṣe mọ̀ nínú avíọ̀n? N kò ṣírò nǹkan kan. Mo kàn bi ara mi pé, ta ló kọ ìwé yìí? Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ni. Mo bá yọ ọ̀kan kúrò."

"Kí ló dé tí ẹ kò bá mi wí?"

"Mo ń retí kí o wá sọ ọ́ fúnra rẹ. Ó ti tó ọdún mélòó?"

"Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ọ̀gá."

"Ṣé láti orí òdo?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, láti orí òdo. Ó mi orí pé ó dára.

Ó ní kí n ṣí ìwé àdúrà tó wà lórí àga. Ìwé ewé kan ṣoṣo náà wà nínú rẹ̀, ó ti pọ́n bí ewé kajú ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó ní kí n mú pẹ́ńsùlù. Mo fa ìlà sórí karùn-ún, mo kọ ẹ̀kẹrin sókè rẹ̀, mo fi róńdò sórí Eléwé. Mo ní, "Èmi ni n kò jẹ́ kí ẹ rí Oníyanrìn."

Ó ní, "Ọyẹ́ ni kò jẹ́ kí n rí i. Ṣùgbọ́n gbọ́, mo rí àmì kẹrin. Nígbà tí komandà ń yí ọkọ̀, ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ dojú kọ ìsàlẹ̀, mo sì rí ibẹ̀ gan-an. Omi lásán ni. Ó mọ́, ó dákẹ́, kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Gbogbo ọdún tí mo fi ń yí i ká ní pupa, n kò mọ̀ pé ó lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀." Ó di ojú rẹ̀. A jókòó báyẹn, ọwọ́ rẹ̀ nínú ọwọ́ mi, títí oòrùn fi wọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, iṣẹ́ ìwọ̀n ọ̀nà nìyẹn. Fóònù yín ń ṣe é báyìí. Ọ̀kan nínú yín tẹ erékùṣù méjèèjì síbẹ̀ lójú mi, iye wákàtí sì jáde kí n tó fi gíláàsì mi sójú. Iye náà tọ̀nà, n kò lè bá a jiyàn. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà, ẹ ṣe é, ó dára, ó tún ń fúnni lálàá. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹ̀rọ yín pé níbo ni àmì àìlèpadà wà, kí ẹ sì bi ara yín bákan náà lórí ọ̀rọ̀ tí ẹ ní láti sọ fún ẹnìkan.

Mo sùn sí ilé ìbátan mi kan ní Àjàṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ní àárọ̀ Àbámẹ́ta, ọmọbìnrin ọ̀gá pè mí pé Bàbá ti sùn, wọn kò jí mọ́. Mo jókòó sórí ibùsùn, mo na ìka ọwọ́ mi, mo kà á bí ó ṣe kọ́ mi: Ajé, òdo, Ìṣẹ́gun, ọ̀kan, Ọjọ́rú, èjì, Ọjọ́bọ̀, ẹ̀ta. Ọjọ́ Ẹtì tí mo wọlé tọ̀ ọ́ ni àmì kẹrin.